Èsì: Ṣé Gagauzia lè ya kúrò lára Moldova nígbà tó bá wù ú?

Rárá o, ọ̀gá mi. Òfin ọdún 1994 tó fún Gagauzia, agbègbè kan ní gúúsù Moldova ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, ní ìjọba tara rẹ̀ fi ẹ̀tọ́ yẹn sábẹ́ àdéhùn kan: àfi bí Moldova fúnra rẹ̀ kò bá jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira mọ́, bíi kó dà pọ̀ mọ́ Ròmáníà. Wíwọ ẹgbẹ́ EU (Ìṣọ̀kan Yúróòpù) kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún bèèrè ìdí tí àwọn ará Gagauz, tí èdè wọn bá ti Tọ́kì tan, fi ń wojú Rọ́ṣíà. Kristẹni Ọ́tódọ́ọ̀sì ni wọ́n. Rọ́ṣíà ló gba Bessarabia, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú Moldova lónìí, ní 1812, tó sì fún àwọn baba ńlá wọn nílẹ̀ níbẹ̀. Títí dòní, ní Comrat, olú ìlú Gagauzia, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè Gagauz kàn jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù. Ìyẹn dùn mí jù.

Òótọ́ ni pé ní 2025, ilé ẹjọ́ sọ gómìnà wọn, Evghenia Guțul, sẹ́wọ̀n ọdún 7 lórí owó òṣèlú láti Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn pe gbogbo ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ Gagauz ní ọmọ iṣẹ́ Moscow.