Èsì: Ṣé ọjọ́ kan náà ni Shakespeare àti Cervantes kú?

Rárá o. Lóòótọ́, 23 oṣù Kẹrin 1616 ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ikú àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì (ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Shakespeare, ọmọ Sípéènì ni Cervantes), ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà Gregory ni Sípéènì ń lò nígbà náà, Julian, kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó fi ọjọ́ 10 wà lẹ́yìn ti Gregory, ni ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fi ọjọ́ 10 kún ti Shakespeare, ó di 3 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ ìsìnkú Cervantes pàápàá ni 23 yẹn. 22 ló kú.

Àfikún yìí di 11 láti oṣù Kẹta 1700, 12 láti 1800, 13 láti 1900. Ìdí nìyẹn tí 25 oṣù Kẹwàá 1917 ti Rọ́ṣíà (ọjọ́ ìyípadà ìjọba níbẹ̀; Julian ni wọ́n ṣì ń lò) fi jẹ́ 7 oṣù Kọkànlá nínú ti Gregory.

Èyí tó bára mu ní tòótọ́ (ó sì yani lẹ́nu) ni ti John Adams àti Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀: àwọn méjèèjì kú ní 4 oṣù Keje 1826.