Ẹ Bi Ìyá Ọlọ́gbà: Tòmátì Ń Tanná, Kò So

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ooru ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Márùn-ún ni mo mú. Ẹni tí mi ò bá dá lóhùn, kó má bínú; ó lè rí tiẹ̀ nínú ti ẹlòmíì.

Ìyá Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi tòmátì mẹ́fà ni mo gbìn. Wọ́n ga, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì ń tanná, àmọ́ ṣe ni ìtànná yẹn ń gbẹ, tó ń já bọ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n. Mo ti da ajílẹ̀ sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló kù tí mi ò ṣe? — Ó Ti Sú Mi

Ọmọ mi, o ti ṣe jù ni. Tí ọ̀sán bá ti gbóná kọjá bí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òru náà kò sì wálẹ̀ tó 24, lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè tó wà nínú ìtànná tòmátì kì í lágbára mọ́, òun ló sì ń sọ ìtànná di èso. Igi á wá já a sọnù. Kò ṣàìsàn, ó ń dúró de ìgbà tí ara á tù ú ni. Ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí òkè orí wọn láti nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán títí di aago mẹ́rin, kí o sì fi ajílẹ̀ sílẹ̀. Àpọ̀jù ajílẹ̀, ewé ló ń mú wá.

Ti omi yẹn ló dùn mí jù, torí èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dá ọgbà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọ́n omi. Ilẹ̀ á dúdú, inú mi á dùn, mo á wọlé. Lọ́jọ́ kan ni mo ki ìka bọ ilẹ̀ níbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin. Omi ò kọjá oríkèé àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, eruku gbígbẹ ni mo bá, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Gbogbo gbòǹgbò ti sáré wá sókè níbi tí omi wà, òòrùn sì ń sè wọ́n níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìka mi ni òṣùwọ̀n mi. Lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta síra wọn, láàárọ̀ kùtù, mo á rọra da omi sí ìdí igi títí ìka á fi bá ọ̀rinrin dé ìsàlẹ̀. Mo á wá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó kan ara igi.

Tí o bá sì rí i tí ewé rọ lọ́sàn-án gangan, má sáré gbé omi. Ki ìka bọ ilẹ̀ ná. Bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, padà lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti nàró, kò pè ọ́.

Ìdí èso tòmátì mi ń dúdú, ó ń rà. Oògùn wo ni kí n fín sí i? — Alájọgbé Yín Nínú Ọgbà

Má fín nǹkan kan. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Kálísíọ̀mù, èròjà kan tí igi ń fà látinú ilẹ̀, ni kò dé ìdí èso, omi ló sì ń gbé e rìn. Bí igi bá mu àmuyó lónìí, tí òùngbẹ wá gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Já àwọn tó ti dúdú, kí omi ṣe déédéé, kí o sì máa wo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Ọlọ́gbà, àgbà ni mí, ẹ má fi mí ṣeré o. Èèrà ti kún orí ata mi, gbogbo ewé ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ká kò. Mo ti ra oògùn èèrà, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. — Bàbá Aláta

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó dáa tí ẹ bi mí. Èèrà kì í jẹ ata, darandaran ni wọ́n. Ẹ yí ewé tó ká kò yẹn padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ẹ máa rí àwọn kòkòrò wínniwínni, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, tí wọ́n tò jọ pẹ́kípẹ́kí, tí wọ́n ki ẹnu bọ ara ewé, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yà jáde dùn bí oyin, òun sì ni èèrà wá mu. Mo ti jókòó ti ata kan rí tí mo rí kòkòrò pupa alámì dúdú, èyí tó rí róbótó bí ààbọ̀ ẹ̀wà. Ó fẹ́ wá jẹ wọ́n, ni èèrà mẹ́ta bá lé e títí ó fi fò lọ.

Ọmọ kòkòrò pupa yẹn kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ó gùn, ó dúdú, ó ní àmì bí àwọ̀ ọsàn, ó sì burẹ́wà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ pa, tí mò ń rò pé ọ̀tá ni. Òun ló sì ń jẹ kòkòrò ata jù! Oògùn tí ẹ bá da, òun ló máa kọ́kọ́ kú. Àwọn tó ń fa omi ewé ò ní pẹ́ padà, torí abo wọn kì í dúró de akọ nígbà ooru kó tó bímọ.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ fi ọwọ́ kan di ewé mú, kí ẹ tú omi sí abẹ́ rẹ̀ kó le díẹ̀, fún àárọ̀ mẹ́ta. Èyí tó bá kù, ẹ po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi tí kò ní èròjà mìíràn mọ́ lítà omi kan, kì í ṣe ọṣẹ ẹlẹ́bú tí a fi ń fọṣọ o. Ẹ kọ́kọ́ fín in sí ewé kan, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Ó gbọ́dọ̀ kan kòkòrò lára kó tó pa á. Tó bá ti gbẹ, agbára rẹ̀ ti tán. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in. Ọ̀sán gangan ni èmi fín tèmi nígbà kan, ewé mi sì jóná bí ìwé tí iná rà. Bí ẹran bá tán, darandaran á kó lọ.

Mo lọ́ ọmọ ata mẹ́jọ lánàá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta ti ṣubú, bíi pé wọ́n fi abẹ gé e nídìí. — Ẹni Tí Wọ́n Jà Lólè

Olè náà ṣì wà nílé. Fi ìka tú ilẹ̀ yípo èyí tó ṣubú, kò ní jìn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ: wàá rí kòkòrò sísanra aláwọ̀ eérú tó ká bí òrùka. Òru ló ń jẹun. Gé ìdí ife onípépà kúrò, fi yí ọmọ ata márùn-ún tó kù ká, kí o sì tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ díẹ̀.

Elégédé mi ń tanná lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sí èso kankan. Ọkọ mi ní akọ ni, ó ti gbé ọkọ́, ó fẹ́ hú u. — Ìyàwó Rẹ̀

Ọkọ yín jàre díẹ̀. Igi kan náà ló ń yọ ìtànná akọ àti abo, akọ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo ọrùn ìtànná: tó bá rí tín-ín-rín gbọnrangandan, akọ ni, tí elégédé kékeré bá wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, abo ni. Bí abo bá ti jáde, tó wá ń rà, oyin ni kò bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀, torí kó tó di ọ̀sán á ti pa dé. Ẹ já akọ kan, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi àtíkè àárín rẹ̀ ra àárín abo. Títí dìgbà náà, kí ọkọ gbé ọkọ́ kalẹ̀.