Mo ń gbé ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, mo fẹ́ fi quad, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, díje nínú aṣálẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa quad lórí ilẹ̀ Kétu, lẹ́yìn náà lórí iyanrìn rírọ̀, kí ẹ tó ronú ìdíje rárá.

Benin kò ní aṣálẹ̀. Ilẹ̀ pupa ọ̀dọ̀ wa tó fún kíkọ́ bí a ṣe ń yà àti bí a ṣe ń tẹ bíréèkì. Iyanrìn ló le. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè tẹ́ sílẹ̀, kí ó má baà rì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa fà déédéé. Ẹ má ṣe sáré kọjá ṣóńṣó òkìtì iyanrìn tí ẹ kò rí ẹ̀yìn rẹ̀: quad ìdíje máa ń wúwo ju 150 kílò lọ, bó bá sì dojú dé, abẹ́ rẹ̀ ni awakọ̀ máa ń wà. Nítorí náà, akoto, bàtà gígùn àti okùn ọwọ́ tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí èèyàn bá já bọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ láé.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìtọ́nà ìdíje pẹ̀lú. Ẹni tó yára tó sì ṣìnà kò ní í borí.

Dakar Rally, ìdíje ọkọ̀ àti alùpùpù nínú aṣálẹ̀, ti wà ní Saudi Arabia láti 2020, kò sì gba quad mọ́ láti 2025. Africa Eco Race, ìdíje irú rẹ̀ tó ń gba Mòrókò àti Mauritania lọ sí ìlú Dakar ní Senegal, sún mọ́ wa jù ú lọ. Ẹ ka òfin ọdún náà kí ẹ tó sanwó.