Ọmọ guppy tí kò dàgbà: kì í ṣe oògùn ló kù, omi ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kubwa níbí ni mo ń gbé. Guppy mi, ẹja kékeré tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, bímọ ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo sì kó ọmọ bí ogójì sínú tánkì dígí tó ń gba lítà 40. Títí di òní, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹni tó ta ẹja fún mi ní n ò gbọdọ̀ pààrọ̀ omi títí wọ́n á fi pé oṣù mẹ́ta, pé omi tó ti gbó ló ń fún wọn lágbára, kí n kàn máa tú tetracycline kan sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo da ìdajì rẹ̀ nù, mo sì bu tuntun sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́sàn-án ti kú. Oògùn wo ni mo lè pò mọ́ oúnjẹ wọn kí wọ́n lè tètè dàgbà? (Bàbá Ìbejì)

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú àdánù. Kò sí oògùn kankan. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni kẹta rèé tó ń bi mí léèrè oògùn ìdàgbà láàárín oṣù yìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń sú mi. Àwọn ẹja yín ò ṣàìsàn. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ara wọn ni wọ́n ń gbé nínú rẹ̀.

Ẹja ò ní ṣáláńgá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí tí ara rẹ̀ ń tú jáde ni amóníà, ibi pupa tó wà lábẹ́ ìdérí etí rẹ̀, tó fi ń mí, ló sì ń gbà jáde. Ẹ mọ òórùn tó máa ń gbá èèyàn nímú nílé ìtọ̀ gáréèjì? Òun náà nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá wà nínú omi tó láti jó ibi pupa yẹn. Ẹja tó ń jà kó tó rí èémí, níbo ló ti fẹ́ rí okun tí á fi dàgbà?

Àwọn bakitéríà kan wà tó ń gbé lára fóòmù asẹ́ àti òkúta ìsàlẹ̀ tánkì. Wọ́n á sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú tánkì tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Àwọn yìí gan-an ni tetracycline yín, tó jẹ́ oògùn tó ń gbógun ti bakitéríà, lè máa dá lọ́wọ́ kọ́. Ẹlẹ́ja ní kí ẹ tọ́jú omi, ó tún fún yín ní ohun tí ẹ ó fi lé àwọn tó ń fọ̀ ọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Ṣebí ìgbà tí mo pààrọ̀ omi ni wọ́n kú?" Ohun tí ẹlẹ́ja fi ń ṣe ẹ̀rí náà nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí àwọn bakitéríà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni omi ń kan díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni pé pH rẹ̀, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe kan tó, ń wálẹ̀. Nínú omi tó kan, amóníà máa ń yí padà sí oríṣi kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, á wá máa kó jọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ọjọ́ tí ẹ bá bu omi tuntun púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, pH á fò sókè, èyí tó ti ń sùn níbẹ̀ á jí. Bí pH bá ti 6 bọ́ sí 7 péré, ìpín tó jẹ́ májèlé á di bí ìlọ́po 10. Omi tuntun kọ́ ló pa wọ́n. Oṣù méjì tí ẹ fi kó gbèsè jọ, òru ọjọ́ kan ni wọ́n gbà á padà. Mi ò wọn omi yín o, ó lè jẹ́ kilorín tàbí òtútù ló ti ìyókù ṣubú, ṣùgbọ́n ìtàn yín bá èyí mu jù.

Ẹnì kan ti bi mí pé ẹja àrọ̀ ńkọ́, ṣebí inú ẹrẹ̀ ló ń gbé. Àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, guppy ò ní in. Ẹ sì lọ bi àwọn tó ń sin àrọ̀ wò, ẹ ó gbọ́ iye omi tí wọ́n ń pààrọ̀.

Nítorí náà, ẹ má da omi tánkì náà nù tán. Lítà 4 ni kí ẹ máa fà jáde lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ lè máa fa lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Rọ́bà tín-ín-rín bíi ti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú tánkì ni kí ẹ lò. Ẹ so ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, torí ọmọ guppy máa ń sún mọ́ ọn bí ẹni pé oúnjẹ ni. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun. Bí ọ̀kan bá yọ́ wọlé, ẹ ó rí ojú rẹ̀ méjèèjì, dúdú bí orí abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fà á, níbi tí ìgbẹ́ wọn dùbúlẹ̀ sí bí òwú dúdú.

Ti omi tí ẹ fẹ́ bù sí i ńkọ́? Kilorín wà nínú omi ẹ̀rọ FCT Water Board. Ẹ bu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì aláìlómọrí fún wákàtí 24, kí ẹ̀rọ náà máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ ra oògùn tó ń pa kilorín. (Oògùn kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí nìyẹn.) Omi bóhòòlù kì í sábà ní kilorín, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè kéré; ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú òun náà mọ́jú. Ti mairúwà, ẹ bi í níbi tó ti pọn ọ́n, bó bá máa sọ òótọ́. Lásìkò ọyẹ́ yìí, ẹ ti ọwọ́ bọ tánkì, ẹ ti ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dà á. Bí ọwọ́ bá mọ ìyàtọ̀, ẹ dúró ná.

Oúnjẹ: díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n á jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má fún wọn ní pupa ẹyin, kíá ló ń ba omi jẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn tó ti lo oṣù méjì nínú omi yẹn lè má tóbi tó bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn tí guppy yín bá tún bí ni kí ẹ tọ́ dáadáa. Bí ẹja mìíràn bá sì tún ń kú lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ má tú nǹkan kan sí i. Ẹ bu omi tánkì náà sínú ìgò mímọ́, kí ẹ gbé e tọ oníṣègùn ẹranko tó mọ̀ nípa ẹja, kó bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ má gbé òkú ẹja nìkan lọ o. Omi ni á kọ́kọ́ béèrè.