Ṣé ẹni tó ń gbádùn ìran olè ti di olè?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn fíìmù àwọn jàǹdùkú Amẹ́ríkà àtijọ́, àwọn tó máa ń wọ kóòtù gígùn, tí wọ́n á tẹ fìlà sójú. Bàbá mi ní ẹni tó bá ń gbádùn ìran olè, olè ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nínú àṣà wa?"

Rárá o, àbúrò, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí bàbá gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Idán ni kó o kọ́kọ́ wò, eré àwọn egúngún alárìnjó tó gbilẹ̀ láàfin Ọ̀yọ́. Wọ́n á di erè, ìyẹn ejò ńlá, wọ́n á tún di èèyàn: Tápà, ará Dàhòmì, pàńṣágà. Ní 1826, kí Ọ̀yọ́-Ilé tó tú, Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò. Lẹ́yìn erè ni egúngún òyìnbó yọ: ó funfun, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fa áásáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran ń bi àlejò léèrè bóyá kò jọ ọ́! Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbà pé ó jọ.

Ta ló fẹ́ di òyìnbó nínú wọn? Bó ṣe jọ òyìnbó tó yẹn ló dùn mọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù rẹ. Láti 1920 sí 1933 ni òfin ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn jàǹdùkú fi ń rí owó kó. Ẹ̀sùn owó orí ni wọ́n fi mú Al Capone, olórí jàǹdùkú kan ní Chicago, ní 1931, kì í ṣe ti ìbọn. Ta ló fẹ́ wo akọ̀wé tó ń ka ìwé owó? Fìlà àti mọ́tò ni fíìmù mú, ó sì sọ wọ́n di idán. Ní tèmi, ìbọn arọ̀jò-ọta tètè ń sú mi. Ibi tí onífìlà méjì bá jókòó tí wọ́n ń fi ẹ̀rín halẹ̀ mọ́ra wọn ni mo fẹ́ràn.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbì kan. Wọ́n ń fi pàńṣágà ṣẹ̀sín lágbo ni. Jàǹdùkú fíìmù, wọ́n ń ṣe é lẹ́wà. Èyí tí kò bá fi í ṣẹ̀sín rárá, èmi kì í wò ó dé òpin.