Ṣé mo rẹ́ ẹ jẹ ni, àbí rúùlù ni mo tẹ̀ lé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni DM, ẹni tó ń darí gémù, fáwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún, D&D ẹ̀dà karùn-ún là ń ta, gémù ìtàn àròsọ tí wọ́n ń fi dáìsì ta, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kárákítà tiẹ̀. Lálẹ́ Sátidé mo gbé mind flayer kan jáde sí wọn, ẹ̀dá abàmì tó ń jẹ ọpọlọ, ó fọ́n Mind Blast ẹ̀, agbára tó fi ń kọlu ọpọlọ, ó ba èèyàn méjì. Ẹnì kan bọ́ kíá, ṣùgbọ́n ẹnì kejì tó ń ta fighter, ìyẹn jagunjagun, ju save (dáìsì téèyàn ń jù láti bọ́ nínú ewu), kò wọlé, ó tún jù ú, kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú stun, tí kò lè ṣe nǹkan kan, títí ìjà fi parí. Nígbà tó yá mo rí i tó ti gbé fóònù, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Bá a ṣe ń kó dáìsì nílẹ̀ ló sọ pé mo rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ bí ìwé ṣe wí ni mo ṣe, ṣebí àwọn náà máa ń fi Hold Person, idán tó ń mú èèyàn gan, mú àwọn èèyàn tèmi, tí wọ́n á tún máa hó yèè. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ lóòótọ́?
— DM kan n'Íbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ò yí dáìsì, o ò sì ṣojúsàájú. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Àwọn náà ń ṣe é fún mi" tó o sọ yẹn, gbogbo DM ló ń sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ló sì ti wọ́. Tí wọ́n bá fi Hold Person mú olórí ọlọ́ṣà ẹ tó gan pa síbẹ̀, ìwọ ṣì ní ọlọ́ṣà mẹ́fà míì lọ́wọ́, o ṣì ń pe ẹni tó kàn, o ṣì ń sọ ìtàn, kò sígbà tí ọwọ́ ẹ dilẹ̀. Òun, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní. Tí kárákítà ẹ̀ bá gan, òun fúnra ẹ̀ ló gan sórí àga yẹn. Rúùlù yín dọ́gba, ìyà ibẹ̀ ni ò dọ́gba.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nínú ìwé rúùlù 2014, save Intelligence, ìyẹn làákàyè, ni Mind Blast ń béèrè, ó gbọ́dọ̀ pé 15, stun yẹn sì lè gba ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ráúndì 10, èèyàn á máa tún save jù níparí tánì ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tó bá kàn án. Fighter tó pọ̀ jù, 8 ni wọ́n ń fi sí Intelligence torí wọn ò rí nǹkan fi í ṣe, ìyẹn á yọ 1 kúrò nínú ohun tó bá jù, ó wá di pé àfi kó ju 16 sókè lórí dáìsì olójú 20. Ojú márùn-ún péré nìyẹn nínú ogún. Tó bá ti wọ inú stun, kó ju save mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kí gbogbo ẹ̀ má wọlé, bíi ìgbà 42 nínú 100 ló máa ṣẹlẹ̀, ìjà tó pọ̀ náà sì ti parí nígbà yẹn. Nínú lúdò náà èèyàn máa ń wá six tí kò ní rí i, ṣùgbọ́n kó o tó mọ̀, dáìsì ti tún kàn ẹ́. Ní tábìlì yín tẹ́ ẹ pé márùn-ún, ó lè dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wá burú sí i pé tí wọ́n bá lu ẹni tó pe Hold Person, concentration ẹ̀, ìfọkànsí tó fi di idán náà mú, lè já, ọ̀rẹ́ wọn á bọ́; ti Mind Blast ò rí bẹ́ẹ̀, kò sóhun tí àwọn tó kù lè lù tó máa tú u sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kó o yọ gbogbo irú ẹ̀ kúrò nínú gémù. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Tí èékánná ghoul, òkú tó ń rìn, bá kan èèyàn tó gan, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn tó gbá a, critical ni, dáìsì ìpalára ẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ìbẹ̀rù ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n tọ́jú Lesser Restoration, idán tó ń tú ẹni tó gan sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara wọn. Mo fẹ́ràn ìbẹ̀rù yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù ò bẹ̀rù nǹkan kan mọ́.

Àwọn tó ń ṣe gémù yìí gan-an ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Láyé AD&D, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan lo máa ju save Hold Person, tí kò bá wọlé, o wà níbẹ̀ títí agbára ẹ̀ á fi tán; ẹ̀dà 3.5 ti ọdún 2003 ló ní kéèyàn máa tún un jù ní ráúndì kọ̀ọ̀kan. Nínú Pathfinder, gémù míì tó jọ ọ́, ẹ̀dà kejì, 2019, ẹni tí idán Paralyze bá mú, ráúndì kan péré ló máa fi gan, àfi tó bá jù ú burúkú. Wo dírágónì àgbà nínú D&D wàyí: wọ́n fún un ní Legendary Resistance, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló lè sọ save tí kò wọlé di èyí tó wọlé, torí òun nìkan ló máa ń dá ja gbogbo wọn, tó bá gan, ìjà tán. Ọ̀rẹ́ ẹ náà, ẹyọ kan ló ní.

Tó bá jẹ́ èmi, tí stun bá ti gba tánì kan lọ́wọ́ ẹni, mo máa ń fún un ní ohun tó máa fi rà á: gba ẹ̀ẹ̀kan exhaustion, ìyẹn àárẹ̀, kó o bọ́ báyìí. Tàbí kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan fi action tiẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe ní tánì yẹn, mì í dáadáa, kó tún save jù lójú ẹsẹ̀. Kò sí nínú ìwé o, àmọ́ ó ń jẹ́ kí tábìlì máa ronú pa pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kó o gbé àwọn ẹrú mind flayer yẹn fún un kó máa bá ẹ fi jà. Inú ẹ̀ á dùn láti gbá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kó o sì jẹ́ kí wọ́n rí òkú tí wọ́n ti fa ọpọlọ ẹ̀ yọ kí wọ́n tó débẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀ lọ bá. Pe ọ̀rẹ́ ẹ kí Sátidé tó pé, bi í èyí tó fẹ́ nínú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, HP mi, ìyẹn òǹkà ẹ̀mí kárákítà mi, ti di 0, mo ti dákú, ìkookò DM wa tún wá bù mí jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ní death save méjì, dáìsì tó ń sọ bóyá ẹni tó dákú á kú, ti bọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
— Ọmọ Abẹ́òkúta ní Peckham

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó dákú, tí wọ́n bá gbá a láti tòsí, critical ni, critical sì ń ka méjì, ẹ̀kẹta ni ikú. Ohun tí mo máa bi DM yín ni pé kí ni ìkookò yẹn ń wá? Apànìyàn tí wọ́n sanwó fún á parí iṣẹ́ ẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ìkookò tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ṣì ń ta lọ́fà, wọ́n ló yẹ kó kọjú sí. Tó bá ti sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹranko òun kì í dá ẹni tó ṣubú sí, o ò lẹ́jọ́ kankan bá a rò. Tí kò bá sọ ọ́, ní kó sọ ọ́ báyìí, kẹ́ ẹ tó ju dáìsì míì.