Èsì: Ṣé pípo kọnkéré lè dípò eré sísá?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín po kọnkéré ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó lè dípò eré tí ẹ máa ń sá láràárọ̀. Ó lè dípò rẹ̀ dáadáa.

Àpò simẹ́ǹtì kan (50 kílò) ń gba iyanrìn ike ọ̀dà onílítà 20 mẹ́ta ààbọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ike méje, àti omi bíi lítà 25. Ẹ dín omi kù tí iyanrìn bá tutù. Gbogbo rẹ̀ súnmọ́ 400 kílò, ẹ ó sì fi ṣọ́bìrì yí i ní gbígbẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí omi tó kàn án. Itan, ẹ̀yìn, apá, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ dun èèyàn, torí wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á máa lọ́ ìbàdí. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa yí! Ẹ tẹ orúnkún, ẹ má bu ṣọ́bìrì kún, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ iwájú ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ẹni méjì ni kó gbé àpò simẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, ẹ sinmi.

Ẹ wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́: simẹ́ǹtì tútù ń jó awọ ara, kì í sì í tètè dunni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Àpò kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sàn ju àpò mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé nìkan lọ. Ẹ fi pákó pín ilẹ̀ náà, kí ojú ibi tí ẹ bá dáwọ́ dúró sí lè gún régé.